Ta ló ni ìtàn? Bí àwọn onífíìmù Íńdíà ṣe ń sọ ìtàn òyìnbó di tiwọn

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù, mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré, mo sì kí ẹ̀yin tí iṣẹ́ tiyín kò ju kí ẹ jókòó kí ẹ máa wò ó lọ. Ẹ̀yin gan-an lọ̀gá, torí ẹ̀yin lẹ ń sanwó.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ fíìmù Íńdíà. Ẹ mọ orin rẹ̀, ẹ mọ ijó rẹ̀, ẹ mọ ẹkún ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù tí wọ́n tún padà ríra nígbẹ̀yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí ni pé àwọn kan nínú ìtàn wọ̀nyẹn kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Íńdíà. Inú eré orí ìtàgé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú òmíràn, inú fíìmù Hollywood ni wọ́n ti mú òmíràn, wọ́n wá fi èdè Hindi sọ ọ́.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ọ̀nà méjì làwọn èèyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á ní olè ni wọ́n, wọn ò lè ronú ìtàn tiwọn. Àwọn kan á ní kí ló kàn wá níbẹ̀, ṣebí fíìmù náà dùn. Lójú tèmi, kò sí èyí tó tó nínú méjèèjì. Yíyá ìtàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ìbéèrè méjì ló yẹ ká bi ẹni tó bá yá a. Àkọ́kọ́: ǹjẹ́ o sọ ibi tí o ti mú un, bí ó bá sì ní olówó, ǹjẹ́ o tọrọ rẹ̀? Ìkejì: ǹjẹ́ o wá ibi tí ìtàn náà ti ń dun àwọn ará ilé tìrẹ, àbí aṣọ lásán lo pààrọ̀ fún un?

Ìbéèrè méjì yìí ni mo fẹ́ ká fi yẹ àwọn fíìmù bíi mélòó kan wò.

Ẹni tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà yá a

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ William Shakespeare, òǹkọ̀wé eré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú lọ́dún 1616. Ó pẹ́ tí àwọn onífíìmù Íńdíà ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́dún 1935 ni Sohrab Modi ti sọ Hamlet di fíìmù tó pè ní Khoon Ka Khoon. Lọ́dún 1954, Kishore Sahu náà tún gbé Hamlet tirẹ̀ jáde.

Àmọ́ Shakespeare fúnra rẹ̀ kọ́ ló gbin òwú tó fi hun aṣọ rẹ̀. Ìtàn Othello, ọwọ́ Cinthio, òǹkọ̀wé ará Ítálì, ló ti rí i. Ìtàn Hamlet ti wà nínú ìwé tí Saxo Grammaticus kọ nípa ilẹ̀ Denmark, ní nǹkan bí irínwó ọdún ṣáájú rẹ̀. Ìtàn àwọn ìbejì tí wọ́n ń ṣì mọ̀, èyí tó pè ní The Comedy of Errors, ọ̀dọ̀ Plautus, ará Róòmù àtijọ́, ló ti yá a. Plautus náà, lára eré àwọn ará Gíríìkì ló ti ń mú tirẹ̀.

Ìtàn ìbejì yẹn ni Gulzar sọ di fíìmù Angoor lọ́dún 1982. Ọ̀gá méjì jẹ́ ìbejì, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn méjì náà jẹ́ ìbejì. Orúkọ kan náà ni àwọn ọ̀gá méjèèjì ń jẹ́, orúkọ kan náà ni àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ méjèèjì ń jẹ́. Sanjeev Kumar ló ṣe ọ̀gá méjèèjì, Deven Verma ló ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ti bá Táíwò jà rí lórí gbèsè tí Kẹ́hìndé jẹ, kò ní béèrè ìtumọ̀ fíìmù yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gulzar kò sì fi orúkọ Shakespeare pamọ́. Ó jẹ́ kí àwọn òǹwòran mọ ibi tí ó ti yá a.

Ẹ tún wo Sholay, tó jáde lọ́dún 1975. Ramesh Sippy ló darí rẹ̀, Salim Khan àti Javed Akhtar ló kọ ọ́. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é ní ilé sinimá Minerva ní Mumbai. Ìtàn rẹ̀ rìn jìnnà kó tó dé ibẹ̀. Lọ́dún 1954, Akira Kurosawa ní ilẹ̀ Japan ṣe fíìmù Seven Samurai: àwọn olè ń da abúlé kan láàmú, àwọn ará abúlé wá lọ háyà jagunjagun méje. Lọ́dún 1960, Hollywood sọ ọ́ di The Magnificent Seven, àwọn jagunjagun wá di ọkùnrin oníbọn tó ń gun ẹṣin. Nígbà tí ìtàn náà fi máa dé Ramgarh, abúlé inú Sholay, àwọn méje ti di méjì, Veeru àti Jai, ọ̀daràn sì ni wọ́n. Ẹni tó háyà wọn jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, tí Gabbar Singh ti gé apá rẹ̀ méjèèjì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìtàn kan jẹ́ ti ibì kan ṣoṣo, kó rora. Ìtàn máa ń rìn. Ohun tó yẹ ká máa wò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà.

Aṣọ àgbàbọ̀ nílò télọ̀

Àwọn àgbà ní aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò bá fún ni lápá, á ṣò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn rí. Tí o bá gbé e wá láti òkè òkun tí o kò tú u, tí o kò tún un rán, ojú á tì ọ́ láwùjọ.

Télọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Vishal Bhardwaj. Olórin ni, orin fíìmù ló ń ṣe kó tó di adarí eré. Ó mú mẹ́ta nínú eré Shakespeare, ó sì sọ wọ́n di fíìmù Hindi mẹ́ta: Maqbool lọ́dún 2003, Omkara lọ́dún 2006, àti Haider lọ́dún 2014.

Maqbool ni ìtàn Macbeth. Nínú eré Shakespeare, ọ̀gágun ni Macbeth ní ilẹ̀ Scotland. Àwọn àjẹ́ mẹ́ta sọ fún un pé yóò jọba. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá pa ọba lórí ibùsùn. Kí ni ẹ fẹ́ fi ọba Scotland ṣe ní Mumbai? Bhardwaj kò wá ọba kankan. Ó lọ sí àárín àwọn jàǹdùkú ńlá tó ń ṣàkóso ìlú náà lábẹ́lẹ̀. Ọba wọn ni àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Abbaji, tí Pankaj Kapur ṣe. Maqbool, tí Irrfan Khan ṣe, ni ọmọ iṣẹ́ tó fọkàn tán jù. Obìnrin tó ń tì í síwájú ni Nimmi, tí Tabu ṣe. Nimmi kì í ṣe ìyàwó Maqbool. Àlè Abbaji ni. Ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó wà láàárín òun àti Maqbool wá di epo tí wọ́n dà sí iná ìpò.

Àwọn àjẹ́ ńkọ́? Ọlọ́pàá méjì ni Bhardwaj fi rọ́pò wọn, Om Puri àti Naseeruddin Shah. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń ṣe àwàdà, wọ́n ń wo ìràwọ̀ sọ ọjọ́ iwájú fún àwọn jàǹdùkú. Ẹ rò ó wò. Ní ìlú tí ọlọ́pàá àti jàǹdùkú ti jọ ń jẹun nínú àwo kan, ta ló tún lè mọ ẹni tí yóò kú lọ́la ju ọlọ́pàá lọ? Òun ló mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú àti ẹni tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀. Kò ní láti jẹ́ àjẹ́. Ẹ kò ní láti jẹ́ ará Mumbai kí èyí tó yé yín.

Omkara ni ìtàn Othello. Nínú èyí tí Shakespeare kọ, aláwọ̀ dúdú ni Othello láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Akọni ni, ó fẹ́ ọmọ ìjòyè, ṣùgbọ́n àwọ̀ ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Iago, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, lo ìdààmú yẹn láti mú un gbà pé ìyàwó rẹ̀ ń yan ọ̀rẹ́.

Bhardwaj gbé e lọ sí Uttar Pradesh, ní àríwá Íńdíà, láàárín àwọn olóṣèlú àti àwọn tó ń bá wọn fa wàhálà. Omkara, tí Ajay Devgn ṣe, ni olórí àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ fún olóṣèlú kan. Àwọ̀ kọ́ ni ohun tí wọ́n fi ń gún un lójú. Ìdílé ìyá rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ wá láti ìran Brahmin tí wọ́n kà sí gíga jù, ìyá rẹ̀ wá láti ìran tí wọ́n kà sí rírẹlẹ̀. Ní ibi tí ìran tí wọ́n bí èèyàn sí ti lè sọ ẹni tí yóò fẹ́ àti ẹni tí yóò bá a jẹun, ojú ọgbẹ́ gan-an ni Bhardwaj fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí áńkáṣíìfù. Nínú Othello, áńkáṣíìfù kan ni Iago lò láti ba ilé jẹ́. Ọkọ fún ìyàwó, wọ́n wá rí i lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn. Òǹwòran òde òní lè máa rò ó pé, nítorí áńkáṣíìfù lásán? Bhardwaj fi ẹ̀ṣọ́ ìbàdí rọ́pò rẹ̀, ohun ìní ìdílé Omkara tó ti wà látijọ́. Langda Tyagi, tó dúró fún Iago, tí Saif Ali Khan ṣe, rí i pé ó dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí jẹ́, ṣé ẹ nílò àlàyé? Ohun tí obìnrin ń so mọ́ ìbàdí wá bọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Níbi yìí, ẹni tó yá nǹkan ti tún un ṣe ju bó ṣe gbà á lọ.

Haider: ìtàn tó sọ ohun tí ẹnu ń bẹ̀rù

Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Nínú Haider, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló sọnù. Èèyàn ló sọnù.

Ẹ rántí ìtàn Hamlet. Bàbá Hamlet kú, àbúrò bàbá rẹ̀ gba ìtẹ́, ó tún fẹ́ ìyá rẹ̀. Òkú bàbá wá yọ sí ọmọ, ó ní àbúrò òun ló pa òun, kí ó gbẹ̀san. Bhardwaj gbé ìtàn yìí lọ sí Kashmir, lọ́dún 1995. Òun àti Basharat Peer, akọ̀ròyìn tó jẹ́ ọmọ Kashmir, ni wọ́n jọ kọ ọ́.

Ní àwọn ọdún yẹn, ogun ń lọ ní Kashmir láàárín àwọn tó gbé ìbọn pé àwọn fẹ́ òmìnira àti àwọn ọmọ ogun Íńdíà. Láàárín wọn ni ará ìlú wà. Wọ́n ń mú àwọn ọkùnrin lọ, a kì í sì í rí àwọn kan mọ́. Ìyàwó wọn kò mọ̀ bóyá kí àwọn máa retí, tàbí kí àwọn ṣọ̀fọ̀. Orúkọ kan wà tí wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: ààbọ̀ opó. Kò ní ọkọ nílé, kò sì ní sàréè tó lè lọ sunkún sí.

Nínú fíìmù náà, dókítà ni bàbá Haider. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún olórí àwọn agbébọn kan nínú ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun mú un lọ, wọ́n sì wó ilé náà. Haider, tí Shahid Kapoor ṣe, ń kàwé ní Aligarh. Nígbà tó délé, kò bá ilé, kò bá bàbá. Ó wá bá ìyá rẹ̀, tí Tabu ṣe, ní ilé àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń kọrin. Òkú tó ń rìn lóru nínú eré Shakespeare di ọkùnrin kan tí òun àti bàbá Haider jọ wà ní àtìmọ́lé. Roohdaar ni orúkọ rẹ̀, Irrfan Khan ló ṣe é. Kì í ṣe iwin. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ikú tí kò kú ni.

Ìran kan wà nínú fíìmù náà tí n kò lè gbàgbé. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, kò wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é, kò dáhùn. Àfi ìgbà tí ẹnì kan sún mọ́ ọn, tó yẹ ara rẹ̀ wò, tó béèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, tó ní kó máa lọ, kó tó wọlé. Wọ́n ti yẹ ẹ́ wò lójú ọ̀nà títí tí kò fi mọ bí èèyàn ṣe ń wọ ilé ara rẹ̀ mọ́. Kò sí èyí nínú Hamlet. Ṣùgbọ́n Hamlet ló la ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé nǹkan ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní Bhardwaj jókòó kọ fíìmù tó ń sọ gbangba pé báyìí báyìí ni wọ́n ṣe fún wọn ní Kashmir, bóyá ni ẹnì kankan yóò gbé owó kalẹ̀ fún un. Àmọ́ Hamlet ni, eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ìtàn òkèèrè di ẹṣin tí ọ̀rọ̀ ilé gùn jáde. Síbẹ̀ kò ṣàì ní wàhálà nínú. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ní kí wọ́n gé àwọn ibì kan kúrò. Àwọn kan ní Íńdíà ní kí ẹnikẹ́ni má lọ wò ó, wọ́n ní ó ń ba àwọn ọmọ ogun lórúkọ jẹ́. Nígbà tí wọ́n máa pín ẹ̀bùn fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fún ọdún náà, márùn-ún ni Haider gbà.

Bhardwaj tún yí ìparí rẹ̀ padà. Hamlet pa àbúrò bàbá rẹ̀, òun náà sì kú. Haider ní ìbọn lọ́wọ́, àbúrò bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti já. Kò yìn ín. Ó rìn kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ ló ń ró létí rẹ̀, pé ẹ̀san kì í bí ohun mìíràn ju ẹ̀san lọ. Fún ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń pe ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyípadà yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tí ìtàn bá ní olówó

Shakespeare ti kú tipẹ́, kò sí ẹni tó lè gbówó nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù Hollywood ní olówó, olówó náà sì wà láàyè.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onífíìmù Mumbai kò fi bẹ́ẹ̀ ka èyí sí. Fíìmù Akele Hum Akele Tum ti ọdún 1995, ẹni tó bá ti wo Kramer vs. Kramer ti ọdún 1979 mọ ibi tó ti wá: ìyàwó fi ilé sílẹ̀, ọkọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ, ìyàwó padà wá gba ọmọ nílé ẹjọ́. Chachi 420, tí Kamal Haasan ṣe lọ́dún 1997, ìtàn bàbá tó múra bí obìnrin kó lè máa tọ́jú ọmọ rẹ̀ ni, bíi ti Mrs. Doubtfire tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993.

Òfin Íńdíà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yá èrò. Lọ́dún 1978, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ kan tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí. Òǹkọ̀wé eré kan, R.G. Anand, ní àwọn tó ṣe fíìmù New Delhi ti kó eré orí ìtàgé òun. Ilé ẹjọ́ ní rárá. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè fi ọgbà yí èrò lásán ká. Ohun tí òfin ń dáàbò bò ni ọ̀nà tí èèyàn gbà gbé èrò náà kalẹ̀: bó ṣe tò ó, ọ̀rọ̀ tó fi sẹ́nu wọn, bí ìran kan ṣe tẹ̀lé òmíràn. Tí ẹni tó wo méjèèjì bá lè sọ láìṣiyèméjì pé ọ̀kan ni àdàkọ ìkejì, ìgbà yẹn ni ẹjọ́ wà.

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Hollywood fúnra wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dókòwò ní Íńdíà, ojú wọn là sí i. Twentieth Century Fox gbé ilé iṣẹ́ B.R. Films lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní fíìmù wọn kan jọ My Cousin Vinny. Lọ́dún 2009, wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, ilé iṣẹ́ Íńdíà náà sì sanwó. Lọ́dún 2010, adájọ́ kan nílé ẹjọ́ gíga Bombay gbà pé fíìmù Knock Out ti rú ẹ̀tọ́ àwọn tó ni Phone Booth. Lọ́dún 2010 yẹn kan náà, Karan Johar gbé We Are Family jáde, ìyẹn ìtàn Stepmom, ṣùgbọ́n òun ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Láàárín ọdún díẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ tábìlì tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sórí tábìlì.

Laal Singh Chaddha: ó sanwó, ó tún un rán, síbẹ̀

Ẹ lè rò pé ẹni tó bá ti dáhùn ìbéèrè méjèèjì dáadáa ti bọ́. Rárá o. Ẹ gbọ́ ti Laal Singh Chaddha.

Forrest Gump ni, fíìmù Amẹ́ríkà ti ọdún 1994 tí Tom Hanks ṣe. Ọkùnrin tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá tó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ mọ́, tó ń sáré gba inú ìtàn orílẹ̀-èdè rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Atul Kulkarni, òṣèré, ló kọ ọ́ ní Hindi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Aamir Khan fi wá àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kó tó rí i gbà. Advait Chandan ló darí rẹ̀. Ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022.

Iṣẹ́ télọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Forrest ń sọ ìtàn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, inú ọkọ̀ ojú irin ni Laal ti ń sọ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ Forrest nínú iṣẹ́ ológun ń ronú edé ṣáá, ọ̀rẹ́ Laal ń ronú bí yóò ṣe máa rán ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ tà. Forrest lọ sí ogun Vietnam, Laal lọ sí ogun Kargil tí Íńdíà àti Pakistan jà lọ́dún 1999. Níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ló gbé sá jáde nínú iná ìbọn. Ọ̀tá ló gbé, láìmọ̀ pé ọ̀tá ni.

Ìran tó wúwo jù ni ti ọdún 1984. Ọmọ Sikh ni Laal, àwọn Sikh kì í sì í gé irun wọn. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Indira Gandhi tó jẹ́ Sikh pa á, àwọn jàǹdùkú jáde sí ìgboro Delhi, wọ́n ń pa àwọn Sikh. Ìyá Laal wà lójú títì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó mú àfọ́kù ìgò, ó gé irun orí ọmọ náà, kí wọ́n má bàa dá a mọ̀. Ìyá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé àmì ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀ kí ọmọ lè yè.

Síbẹ̀, fíìmù náà kò rí owó tí wọ́n retí ní Íńdíà. Kó tó jáde ni àwọn kan ti ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹnikẹ́ni má lọ wò ó, nítorí ọ̀rọ̀ tí Aamir Khan sọ lọ́dún 2015 nípa bí ara ṣe ń le sí ara ní orílẹ̀-èdè náà. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wò ó ná. Àwọn mìíràn kò bá a ṣe ọ̀tá, wọ́n kàn ní ìṣe rẹ̀ ti pọ̀ jù, àti pé àwọn ti wo ti Tom Hanks. Ìṣòro tuntun nìyẹn. Láyé àtijọ́, ẹni tó wo fíìmù Hindi lè má rí ti Amẹ́ríkà láéláé. Lónìí, méjèèjì wà nínú fóònù kan náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé jíjẹ́ olóòótọ́ kì í ṣe òògùn ọjà. A kò ní torí pé yóò mú owó wá ká tó sọ ibi tí a ti yá nǹkan. Ohun tó tọ́ ni, ó parí.

Láti Mumbai dé Kano

Ẹ lè bi mí pé, kí ló kan àwa níbí? Ó kàn wá gan-an. Ìrìn tí ìtàn rìn dé Mumbai kò parí síbẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960 ni àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ti ń kó fíìmù Íńdíà wá sí àwọn ilé sinimá ní àríwá Nàìjíríà. Mother India, tí Mehboob Khan ṣe lọ́dún 1957, wọ́n wò ó ní Kano fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kò gbọ́ Hindi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tí ẹkún ń bọ̀. Brian Larkin, onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ní Kano, ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ó ní àwọn Hausa rí ara wọn níbẹ̀: ọmọ tó fẹ́ ẹni tó wù ú àti òbí tó ti yan ẹlòmíràn fún un, ìtìjú obìnrin, ọ̀wọ̀ fún àgbà. Ayé òde òní ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayé òyìnbó.

Nígbà tí àwọn ará Kano wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìfẹ́ tiwọn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù Hausa ní àwọn ọdún 1990, tí ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ Kannywood, fíìmù Íńdíà ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ nàgà sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdalla Uba Adamu ti Yunifásítì Bayero ti kọ̀wé púpọ̀ lórí bí àwọn onífíìmù Hausa ṣe ń mú ìtàn, orin àti ijó láti inú fíìmù Hindi. Kódà àwọn kan wà tó ń fi ohùn orin fíìmù Íńdíà yin Ànábì.

Ẹ wá wo bó ṣe rí. Òyìnbó kọ ìtàn. Mumbai yá a, kò sọ. Ẹlòmíràn tún yá a lọ́wọ́ Mumbai, òun náà kò sọ. Bó bá yá, ẹnì kan níbòmíràn á yá tiwa, kò ní sọ, àwa á sì ké gbàjarè. Ẹ̀yin onífíìmù wa mọ bó ṣe ń rí lára tí fíìmù tí ẹ fi owó àti òógùn ṣe bá di àdàkọ tí wọ́n ń tà lójú títì kí ẹ tó rí kọ́bọ̀. Inú ọgbẹ́ kan náà ni méjèèjì wà. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ òun sí, kó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ẹlòmíràn sí.

Ohun tí mo bẹ̀ yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré, mi ò ní kí ẹ má yá. Ẹ yá a. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú ìwé àti gègé, ẹ béèrè pé kí ni ìtàn yìí ń ké sí nílé rẹ̀, ta ló sì ń ké irú igbe yẹn nílé tiwa? Tí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ fi ìtàn náà sílẹ̀, kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti tú aṣọ náà palẹ̀. Bhardwaj yọ ọba, ó yọ àjẹ́, ó yọ áńkáṣíìfù, ó yọ iwin. Ìtàn náà kò kú. Ẹ̀yìn ìgbà tó yọ wọ́n gan-an ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ibi tí ojú ti lè rí i. Bó bá wà láàyè, ẹ kọ lẹ́tà sí i kí ẹ tó gbé kámẹ́rà. Ó lè pẹ́, ó lè gbówó lórí, ó sì lè sọ pé òun ò gbà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin òǹwòran, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Tí fíìmù bá dùn mọ́ yín nínú, ẹ dúró díẹ̀ níparí, nígbà tí orúkọ ń kọjá. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà. Bí ẹ kò bá rí i, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Ìbéèrè òǹwòran ni ilé iṣẹ́ fíìmù ń bẹ̀rù jù, ó ju ti adájọ́ lọ.